Bí Ìyá Bàbá Mi Ṣe Parí Ìjà Igi Agbalùmọ̀

Ọṣẹ dúdú ń hó lórí iná, òórùn àdín gba gbogbo agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí bàbá kékeré já wọlé pẹ̀lú ariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti gé igi mi! Wọ́n gé igi mi lulẹ̀!"

Ìyá bàbá mi kò gbé igi tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ sílẹ̀. Bí èèyàn bá dá ọwọ́ dúró, ọṣẹ á jóná. Wọ́n ń rò ó, wọ́n sì ń gbọ́.

Àbúrò bàbá mi, ọmọ ìyá wọn gan-an, ni bàbá kékeré. Iṣẹ́ awọ ni wọ́n ń ṣe ní Ọ̀yọ́, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Igi agbalùmọ̀ kan wà ní oko wa lọ́nà Ìkòyí-Ilé tí bàbá wọn gbìn lọ́dún tí wọ́n bí wọn. Gbogbo ilé ló ń pè é ní igi bàbá kékeré. Bàbá kékeré yà sí oko lọ́jọ́ náà, kùkùté ni wọ́n bá.

Bàbá mi jáde láti inú yàrá. Wọn ò ṣàlàyé rárá.

"Èmi ni mò ń ro oko. Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní igi tí màá gé?"

Ó di èébú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá kékeré ti padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọn ò wá. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, di ọṣẹ, wọ́n gbé e lé mi lórí, a wọ ọkọ̀ lọ́rí ní ibùdókọ̀ Tákíè, ó di Ọ̀yọ́. Bàbá kékeré dọ̀bálẹ̀ láàárín awọ àti òòlù.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ bá wá, ẹ má wulẹ̀ dààmú."

"N kò bẹ̀ ọ́. Etí ni mo gbé wá. Wí."

Wọ́n wí i títí. Ìyá ò dá wọn lẹ́kun, wọn ò sì sọ pé bàbá kékeré jàre. Wọ́n kàn ní, "Wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ṣe fún mi."

Nínú lọ́rí, mo béèrè ẹni tó jẹ̀bi.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni Ìyá wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá mú àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní kan náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, á kọ́kọ́ sọ ohun tí èkejì sọ, títí èkejì á fi ní bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá mi rojọ́ tiwọn. Ó wá kan bàbá kékeré.

"Wọ́n ní àwọn gé e nítorí pé àwọn ló ni oko."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!"

"Tún un sọ," ni Ìyá wí.

Bàbá kékeré tún un sọ. Ohùn wọn ti rọ̀ báyìí. "Wọ́n ní igi náà ti jẹrà nínú. Ẹ̀ka kan já, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó wọn, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ẹ̀rù ló bà wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni bàbá mi dáhùn.

Bàbá kékeré náà rojọ́ tiwọn. Nígbà tó kan bàbá mi láti tún un sọ, wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ó ní ohun tó kù fún òun lọ́dọ̀ bàbá wa nìyẹn. Ó ní mi ò tiẹ̀ ránṣẹ́ sí òun kó wá wò ó kẹ́yìn." Wọ́n kọjú sí bàbá kékeré. "Àbúrò mi, má bínú."

Omi bọ́ lójú bàbá mi, mi ò sì rí i kí wọ́n sunkún rí. A jọ jẹun lọ́jọ́ náà, bàbá kékeré sì sùn sílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo bi Ìyá bóyá wọ́n ti gbọ́ nípa ẹ̀ka yẹn tẹ́lẹ̀.

"Ọjọ́ tó já gan-an ni ìyá rẹ sọ fún mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún bàbá kékeré ní Ọ̀yọ́?"

"Tí mo bá sọ ọ́, á ní mò ń gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n òun ni. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ."

Mo dàgbà tán, mo di ẹni tó ń ṣèwádìí nípa ìjà àti ìparí ìjà, tó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Mo ti ka ìwé púpọ̀, mo sì dúpẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń jà bá jókòó níwájú mi, tí mo sì ti mọ ohun tó lè parí ìjà náà, Ìyá ni mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí àwọn ló kọ́ mi láti pa ẹnu mọ́, kí n sì dúró de ẹni tó ni ọ̀rọ̀.