Omi Àlejò Tí Ọkọ̀ Mu ní Gouka

Ìdájí la kúrò ní Bantè, níbi tí a sùn sí lọ́dọ̀ ará Ṣakí wa kan tó ń ta epo bẹntiróòlù. Ìkùukùu bo àwọn igi kajú, ó sì ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì jí tán. Ìyá mi jókòó tì mí. Ojú rẹ̀ ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ojúmọmọ nìkan ló fi ń rí ojú èèyàn mọ́. Àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ sí Savalou, àdúrà Ìyá sì ni pé kí òun rí ojú ọmọ náà kí tòun tó fọ́.

Ẹgbẹ̀rún méjì sẹfà lẹnì kọ̀ọ̀kan san. Rafíù, awakọ̀ wa, ń sáré nítorí Ìyá. Nígbà tí a dé Gouka, ooru ti ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró níwájú ilé kan.

Màmá kan jáde sí wa. “Kúàbọ̀!” Ẹ káàbọ̀ nìyẹn lédè Màhí. Ó bu omi sínú abọ́, ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, kó tó gbé e fún Ìyá. Ìyá gbé abọ́ náà lé itan.

“Ẹ jẹ́ kí n mí ná.” Bó ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn.

Màmá náà wo ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Òùngbẹ ń gbẹ àlejò yìí náà.” Ló bá gbé omi inú ìkòkò fún Rafíù, tútù nini. Rafíù fi àkísà ṣí ìdérí rẹdiétọ̀, ó da omi sí i. Mo gbọ́ “kà!”

Nígbà tó tan ọkọ̀, èéfín funfun ń tú ní ìdí rẹ̀, ó ń rọra bo ọ̀nà. Ó lẹ́wà lójú mi, títí Rafíù fi fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń yẹ epo ẹ́ńjìnnì wò yọ: epo ti dà bíi tíì oní mílíìkì.

“Joint ti lọ.” Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ń sọ, ìyẹn pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí omi, epo àti iná pàdé. “Irin tó gbóná tó báyìí, tí omi tútù bá bá a lójijì, ó máa tẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ò ní lè fún mọ́. Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ìkánjú ló jẹ́ kí n ṣe é.”

“Nítorí tèmi lo ṣe ń kánjú, ọmọ mi.”

Gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló kún. A jẹ iṣu sísè, a dúró, oòrùn yẹ̀ lórí. Ìyá kò gun ọ̀kadà rí, zémìjàn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dìde. “Gbé mi gùn ún.” Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo gbá a mọ́ra títí dé Savalou.

Ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀. Àbúrò mi gbé ọmọ wá sẹ́nu ọ̀nà, Ìyá sì tẹ ojú mọ́ ọn, ó pẹ́ níbẹ̀. “Imú bàbá yín ni.” Gbogbo wa sunkún.

Nígbà tí a padà dé Ṣakí, ọkọ̀ tó gbé wa ń hó ṣìì. Àbúrò bàbá mi ti gbé korobá omi dé ìdí rẹ̀. Ìyá kò rí i, ìró korobá náà ló gbọ́, ó na ọwọ́ síwájú.

“Ẹ jẹ́ kó mí ná.”

A jókòó tì í. Bí a ṣe ń dúró kí ọkọ̀ tutù, Ìyá ń ròyìn imú ọmọ náà fún wa.