Agolo Tíì Ìyá Mi

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ohunkóhun tí a bá fi omi gbígbóná pò, tí a da mílíìkì sí, tí a sì ń fi búrẹ́dì jẹ, tíì ni. Ìbáà jẹ́ èyí tó ní kókó nínú, ìbáà jẹ́ ewé inú bébà tó ní okùn lẹ́nu, tíì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Tísà ni mí, iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ nǹkan, síbẹ̀ mi ò rò ó rí pé ọ̀rọ̀ kékeré yìí lè gbé mi dé iwájú dókítà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi ni mo lọ mú bàbá mi wá láti Abẹ́òkúta sí Igando, sínú yàrá méjì àti pálọ̀ tí mo háyà. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe kí ojú wọn tó di bàìbàì. Ẹni tí à ń gbọ́ ohùn wọn láti ìta kí wọ́n tó wọlé ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá kí wọn káàárọ̀, wọ́n á mi orí. Tí mo bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ, wọ́n á ní, "Èyí tó bá ti wà." Inú yàrá ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀ títí di alẹ́, wọ́n á kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti sin ìyá mi, mi ò sì fẹ́ kí bàbá mi máa tẹ̀ lé wọn lọ díẹ̀díẹ̀ lójú mi.

Ó tó oṣù mẹ́ta tí a ti ń bá a bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ń wá bàtà mi kiri lábẹ́ àga nígbà tí mo gbọ́ ohùn láti fàráńdà.

"Tísà! Tíì ti délẹ̀ o! Má jẹ́ kó tutù!"

Mo dúró gbagidi. Ohùn bàbá mi ni, ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Bí ìyá mi ṣe máa ń pè wọ́n láràárọ̀ nìyẹn, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú: "Tíì ti délẹ̀ o! Ẹ má jẹ́ kó tutù!" Bàbá mi á dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, "Mo ti wà níbẹ̀!" Wọ́n á sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á máa sùn lọ. Inú á bí ìyá mi, àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo jáde, mo rí àga méjì àti àpótí kékeré láàárín wọn. Kọ́ọ̀bù méjì wà lórí àpótí náà, ooru ń rú jáde nínú wọn. Agolo tíì ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, agolo aláwọ̀ ewé tí ìdérí rẹ̀ ti wọ́, tí bàbá mi dì mọ́ ẹrù wọn láti Abẹ́òkúta. Mi ò rí i kí bàbá mi gbé kẹ́tùrù kaná rí láyé mi. Mo jókòó, mo mu ún. Ó korò débi pé ojú mi fún pọ̀, mo wá da ṣúgà sí i, mo tún da òmíràn sí i.

"Ṣó dáa?" bàbá mi béèrè.

"Ó dáa gan-an, sà," mo dáhùn.

Ìdí kọ́ọ̀bù yẹn ni ọ̀rọ̀ ti padà sẹ́nu wọn. Ní ọjọ́ kìíní, ilẹ̀kùn onílé mi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó kàn án kò mọ igi yàtọ̀ sí páálí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sọ bí ìyá mi ṣe lé wọn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà láti fẹ́ wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, èmi ni mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ, mo ti pẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú kẹ̀kẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú.

Ẹgbẹ́dá ni ilé-ìwé wa wà. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti gbé mi kúrò ní Igando, ara mi á balẹ̀. Bí a bá fi máa dé Ìkòtún, inú mi á ti máa kùn, èmi nìkan ló sì mọ àdúrà tí mò ń gbà láti ibẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tísà, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa ló máa ń wà, nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Láti kíláàsì mi dé ọ́fíìsì rẹ̀ jìnnà, láti ọ́fíìsì rẹ̀ dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo lọ gba kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n kúkú fún yín ní tiyín ni?"

Àwọn ọmọ kíláàsì kejì tí mò ń kọ́ náà kò ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kékeré tó máa ń jókòó níwájú, nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan. Mo rò pé ó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Ó ní, "Àǹtí, inú yín ń sọ̀rọ̀." Mo ní kí gbogbo wọn ṣí ìwé wọn sí ojú ewé kejìlá. Kò sí nǹkan kan ní ojú ewé kejìlá.

Yàtọ̀ sí ìgbẹ́ gbuuru yìí, àyà tún máa ń ta mí. Á kọ́kọ́ máa jó mi ní igbá àyà, á wá gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun, bí ìgbà tí èèyàn gbé ata mì láìjẹ ẹ́. Mo fẹ̀sùn kan ẹ̀wà, mo pa ẹ̀wà tì. Mo fẹ̀sùn kan ata, mo ń jẹ ọbẹ̀ tó funfun bí ti aláìsàn. Mo ṣíwọ́ omi tí mò ń rà tẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í se omi kí n tó mu ún. Gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé ni mo fura sí, àfi kọ́ọ̀bù tí bàbá mi ń gbé fún mi.

Nígbà tí mo rù débi pé ṣíkẹ́ẹ̀tì mi ń bọ́ nídìí, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ló gbà mí. Ó tẹ ikùn mi lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó wá ń bi mí léèrè.

"Ṣé ẹ máa ń mu ọtí?"

"Rárá o."

"Sìgá ńkọ́?"

"Ah, dókítà! Ẹ̀yin náà!"

"Kọfí ńkọ́?"

"Mi ò mu kọfí rí láyé mi," mo dáhùn, mo sì gbé orí sókè. "Tíì ni mò ń mu."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa jẹun dáadáa láàárọ̀, kí n má jẹun tán kí n wá lọ dùbúlẹ̀, kí n sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lo oògùn náà bó ṣe yẹ. Láràárọ̀, níwájú bàbá mi, tíì ni mo fi ń gbé e mì.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń kó pàǹtí wọ àdúgbò wa, wọ́n ń fọn fèrè. Mo gbé àpò ìdọ̀tí wa, mo sáré jáde, ìdí rẹ̀ sì ya mọ́ mi lọ́wọ́ ní ẹnu géètì. Ọ̀rá pélébé pélébé tú jáde, wọ́n tó ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo wọn lórí dáadáa, bí iṣẹ́ káfíńtà. Mo mú ọ̀kan. Wọ́n kọ kọfí sí i gàdàgbà-gadagba, wọ́n sì ya èso rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ọmọ kíláàsì mi.

"Àǹtí, ẹ gbé e wá jàre, a fẹ́ máa lọ!" ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó pàǹtí pariwo.

Mi ò lè dá a lóhùn, ẹ̀rín ló ń pa mí. Gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní tíì, wọ́n sì na ọwọ́ sí èyí tí àwọ̀ ọ̀rá rẹ̀ jọ ti agolo ìyá mi. Wọ́n dà á sínú agolo ìyá mi. Wọ́n wá ń bu ṣíbí mẹ́ta sínú kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí orí ṣíbí ga, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń bu tíì oníkókó fún wa. Ẹni tó ń mu kọfí gan-an kì í dán irú ẹ̀ wò.

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn? Ọkùnrin tó máa ń fojú wọn pákó lásán, tí kì í sì í ṣì í, ni mo fẹ́ sọ fún pé kò dá tíì mọ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ṣe láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ nìyí. Mo rò ó pé bí mo bá ti yanu báyìí, inú yàrá ni wọ́n máa padà sí.

Torí náà mo purọ́. Nígbà tí wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ní mò ń gbààwẹ̀.

"Ààwẹ̀ kí ni?"

"Ti ìjọ wa ni, sà."

"Ó dáa," ni wọ́n wí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo jáde sí fàráńdà, mi ò bá kọ́ọ̀bù kankan lórí àpótí. Inú yàrá ni mo bá bàbá mi.

"Ẹ ò mu tíì yín ni, sà?"

"Mò ń bá ẹ gbà á," wọ́n dáhùn, wọ́n sì yíjú sí ògiri.

Ní ọjọ́ Rú, bákan náà. Inú mi dákẹ́, mi ò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé náà sì dákẹ́, mi ò sì lè fara dà á.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wọ yàrá wọn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi ọ̀rá pélébé kan lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò gba ààwẹ̀ kankan. Kọfí ni a ti ń mu, inú mi ò sì gbà á."

Wọ́n dìde jókòó. Wọ́n gbé ọ̀rá náà lọ sójú fèrèsé, wọ́n nà án jìnnà sí ojú, wọ́n tún fà á súnmọ́.

"Kọfí? Èyí tí àwọn òyìnbó ń mu kí oorun má bàa kùn wọ́n?"

"Òun ni, sà."

Wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé èjìká wọn ń mì.

"Ìyẹn ni mi ò ṣe rí oorun sùn láti ọjọ́ yìí!" ni wọ́n wí, ẹ̀rín sì bú jáde. "Mo rò pé torí ìyá rẹ ni. Ìgbẹ́ yẹn ńkọ́? Mo ti ní ọjọ́ ogbó ló dé."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá?"

"Àbí o rò pé ìwọ nìkan ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ni?"

A rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín ń lọ ni mo sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ọkàn mi. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà mí, pé tí mi ò bá mu tíì wọn mọ́, wọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá mi fi ọ̀rá náà sílẹ̀.

"Tísà," wọ́n ní, "ṣé torí tíì ni mo ṣe ń pè ẹ́ ni?"

Mo sunkún. Mi ò lè purọ́ fún yín, mo sunkún bí ọmọ kíláàsì kejì, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ pé tíì lòun ń mu, òun máa bi í pé tíì wo. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ara mi bọ̀ sípò. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àyà mi tó ṣíwọ́ títa, títí di òní ni mo sì ń ṣọ́ ata jẹ. Ṣùgbọ́n mo ti ń jẹ ẹ̀wà, ṣíkẹ́ẹ̀tì mi sì ti mọ́ mi nídìí.

Ògì ni bàbá mi ń pò báyìí. Ti àkọ́kọ́ ṣù pọ̀, a fi ṣíbí fọ́ ọ jẹ. Nísinsìnyí, ó ń jọ̀lọ̀. Ṣúgà ni a ń dà sínú agolo ìyá mi. Bàbá mi ti tún ilẹ̀kùn onílé kàn, wọ́n fi ọwọ́ ra á ju bí wọ́n ṣe fi ojú wò ó lọ, ó sì ń pàdé dáadáa. Tí ògì bá sì ti jinná, ohun tí wọ́n ń ké náà ni: "Tíì ti délẹ̀ o!"

Ní ọjọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, oòrùn ti yọ dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí. Ẹ̀rù tó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé tún gbá mi láyà. Mo lọ síbi ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo fi etí lé e. Bàbá mi ń hanrun.

Mo tan gáàsì, mo ro ògì, mo gbé àpótí sáàárín àga méjèèjì. Nígbà tí mo padà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, mi ò ronú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnu mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Bàbá! Tíì ti délẹ̀ o! Ẹ má jẹ́ kó tutù!"

Híhanrun náà dáwọ́ dúró.

"Mo ti wà níbẹ̀!" ni bàbá mi dáhùn.

Mo gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ké bí wọ́n ṣe yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo fi àwo kékeré bo kọ́ọ̀bù wọn, mo sì jókòó dè wọ́n.