Abẹ́ Igi Tí Mo Gbá Mọ́

Ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ní Dallas, ilé Dádì kan ní ìjọ wa ni, ní Lake Highlands. Mi ò ní ẹni kankan níbí nígbà náà. Wọ́n fún mi ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n ṣáà máa bá àwọn mójú tó ilé. Ìyàwó wọn ti kú kí n tó dé. Ohun tí màmá náà fi ọwọ́ ara wọn ṣe tó ṣì ń dàgbà nínú ilé yẹn kò ju ẹyọ kan lọ: igi pópúlà tó wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Igi náà ṣì kéré, orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ga ju òrùlé lọ ni. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kì í sinmi. Afẹ́fẹ́ tí kò lè mi aṣọ tí a sá sórí okùn, ewé pópúlà á ti máa gbọ̀n sí i, á máa dún bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Dádì sọ fún mi pé ariwo ọkọ̀ lórí fíríwéè, títì ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, ni kì í jẹ́ kí màmá sinmi, òun ni wọ́n fi gbin igi náà, kí ó lè bá wọn bo ariwo yẹn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí màmá lọ, Dádì gbé àga sí abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu tíì láràárọ̀.

Nígbà òtútù tí mo dé, wọ́n ní kí n gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tó ń ha fẹ́ǹsì. Mo gé wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí láti da igi tó tọ́ bẹ́ẹ̀ nù. Mo gún wọn mọ́lẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì bí ọ̀pá iṣu, kí ugwu Dádì lè rí nǹkan gùn. Nígbà tí ilẹ̀ móoru, Dádì gbin ugwu, wọ́n sì lọ sí Nàìjíríà fún oṣù díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ti dọwọ́ mi. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu.

Èmi ò kàwé púpọ̀. Ohun tí mo mọ̀ láti kékeré ni iṣẹ́ ilé. Ìyá mi kì í gbà kí oòrùn bá ewé nílẹ̀. Tí o bá jí, o kí àgbà, o gbá ìta, kó o tó sọ pé ebi ń pa ẹ́. Ilé tí ìdọ̀tí bá wà nídìí igi rẹ̀, wọ́n á ní kò sọ́mọ níbẹ̀. Ìdí igi Dádì wá kún fún èérún igi, dúdú, ewé ọdún tó kọjá ti jẹrà mọ́ ọn. Mo rò pé nítorí màmá ò sí mọ́ ni. Mo ra ìgbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, mo kó gbogbo èérún náà dànù, mo gbá ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Inú mi dùn. Mo ní Dádì á dé, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ wà nílé.

Oòrùn wá mú. Mo ń bu omi fún ugwu, mo ń bu fún igi náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ti le bíi kọnkéré, omi ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ ni. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bó ṣe ń já ni mò ń gbá. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Nígbà tí Dádì dé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀.

“Èérún igi tó wà níbí dà?”

Mo ní mo gbá a ni.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Màmá mi ni, sà.”

Wọ́n fi èékánná ha ara igi náà. Inú rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n wá ní, “Màmá ẹ kọ́ ẹ dáadáa. Oòrùn Dallas ni ò mọ màmá ẹ.”

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé màmá ló da èérún yẹn síbẹ̀, aṣọ ló jẹ́ fún gbòǹgbò. A da òmíràn sí i, a bu omi títí, kò jí. Mo ti ń retí kí wọ́n ní kí n máa lọ. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ń pè mí ní Agbálẹ̀. Bí a bá ń jẹun, wọ́n á ní, “Agbálẹ̀, má tíì gbá tábìlì o, ẹran ṣì kù.” Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, wọ́n ṣì ń jókòó sábẹ́ igi gbígbẹ yẹn, fíríwéè nìkan la sì ń gbọ́.

Òtútù dé, ó pa ugwu. Mo lọ fa okùn rẹ̀ kúrò lára àwọn ọ̀pá. Mo di ọ̀pá kan mú kí n fà á tu. Kò gbà. Mo tún fà á, ó dì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ní ilé. Mo wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀ka ti yọ lára rẹ̀, ewé pópúlà mélòó kan sì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n pupa rúsúrúsú. Ugwu ló bò ó tí a ò fi rí i. Omi tí mò ń bu fún ugwu ló ń mu.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Dádì. Wọ́n jáde, wọ́n fi èékánná ha ọ̀pá náà. Ó tutù yọ̀yọ̀ nínú. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Obìnrin yìí,” wọ́n ní, “ó bímọ sílẹ̀, kò sọ fún mi.”

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Mo yí ojú síbòmíràn.

Kí òtútù tó parí, a lọ́ ọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, igi gbígbẹ yẹn. Lewisville ni mò ń gbé báyìí, nítòsí ibi iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò lè lọ kí Dádì láì gbé àpò èérún igi kan dání. Ọwọ́ mi ṣì máa ń wá ìgbálẹ̀. Tí mo bá ti gbé e, wọ́n á nawọ́ sí orí símẹ́ńtì: “Agbálẹ̀, ibí yìí ni tìẹ. Tìdí igi ọ̀hún, fi sílẹ̀.” Mo máa ń fi í sílẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹnì kan ṣì ń sọ ọ́ fún mi.

Igi náà ti ga jù mí lọ. Dídún rẹ̀ ò tíì tó ti ìyá rẹ̀, a ṣì ń gbọ́ fíríwéè. Ṣùgbọ́n Dádì ti gbé àga wọn kúrò lábẹ́ igi gbígbẹ lọ sábẹ́ rẹ̀.