Òkìtì Ewé Bàbá Ìbejì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó, kí n sọ ti Bàbá Ìbejì fún yín, aládùúgbò mi ní Lithonia níbí, ní Amẹ́ríkà. Òun nìkan ló ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ewé bá ti ń wọ́, á fi réèkì kó o jọ gègèrè síwájú ilé, á ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n palẹ̀ ẹ̀ mọ́ o, ti àwọn ọmọ ni." Bí school bus bá ti já àwọn ìbejì sílẹ̀, wọ́n á ju báàgì nù, wọ́n á bẹ́ sínú ewé. Ẹ̀rín bàbá wọn máa ń dé kíṣìnnì mi.

Lọ́dún tí wọ́n wọ high school, ńṣe ni wọ́n kọjá lára òkìtì náà.

"Ẹ ò ní fò ni?"

"Daddy, please! A ti dàgbà jù."

Wọ́n wọlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí mi lójú fèrèsé. Ó rọra jókòó sáàárín ewé náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn ọmọ ti lọ yunifásítì báyìí, òun náà sì ti kó lọ. Kó tó lọ, ó pín ẹrù rẹ̀: Táíwò gba mọ́tò, Kẹ́hìndé gba tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo jogún réèkì. Òun ni mo fi ń kó ewé jọ síwájú ilé mi báyìí. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró, mo máa ń yọjú.