Ìyá Onílé Wa Kì í Dúró Wo Ìparí

Bí mo bá ti rí ọlọ́pàá inú tẹlifíṣọ̀n tó ń kó àwọn afurasí jọ, ìyá onílé wa ní Ajégúnlẹ̀ ni mo máa ń rántí. Pálọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ayálégbé ti máa ń wo eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn eré náà tó ìyá yìí. Òun ló máa ń pariwo pé, "Ẹ wo ojú ẹ̀, irọ́ ló ń pa!" Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fẹ́ dárúkọ ọ̀daràn báyìí, á dìde, á gba kíṣìnì lọ.

"Ẹ má dárúkọ ẹ̀ fún mi o."

Ta ní í wo eré olè tí kì í fẹ́ mọ olè? Ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Nígbà tó yá, aago ọwọ́ tí olóògbé ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ní èbúté, fi sílẹ̀ fún un di àwátì. Ayálégbé kan tó ń wa tírélà ní Àpápá ní, "Mama, ẹ jẹ́ ká tú yàrá kọ̀ọ̀kan."

"Rárá o. Inú ilé yìí náà la ṣì jọ máa jí sí lọ́la."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún kóra jọ. Nígbà tó kan ìparí, Mama gba kíṣìnì lọ, gbogbo wa tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tó máa padà dé, aago náà wà lórí àga rẹ̀. A ń wo ara wa. Kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀.

Mama fi aago sọ́wọ́, ó jókòó.

"Ṣé wọ́n ti mú un?"

"Wọ́n ti mú un, Mama."

"Ó dáa. Ẹ má dárúkọ ẹ̀."