Orúkọ Tí Mo Kọ Sábẹ́ Fọ́tò Ìyá Olóbì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí gbogbo ojúlé àdúgbò ń rán mi níṣẹ́ bí ẹni pé àwọn ló bí mi, ọkùnrin olówó kan kọ́ ilé ìtajà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ọjà ní Ṣàgámù. Ṣọ́ọ̀bù ló kún inú rẹ̀, tòun ti fáànù lókè àjà. Ìran ńlá ni lójú wa nígbà náà, ẹ má fi wé àwọn tí ẹ ń rí lónìí. Ọkùnrin yìí ní òun fẹ́ kí ẹni tó bá wá rajà níbẹ̀ mọ ìtàn ìlú, ó sì bẹ tíṣà wa pé kí àwa ọmọ ilé ìwé kó fọ́tò àtijọ́ wá láti ilé kálukú, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, èmi ni tíṣà yàn láti kọ orúkọ sórí páálí tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Kí n má parọ́ fún yín, ilé tiwa kò ní fọ́tò kankan. Ìlárá ni bàbá mi ti wá sí Ṣàgámù, àgbẹ̀ sì ni ìyá tó bí i lọ́hùn-ún. Ta ni yóò ya àgbẹ̀ ní fọ́tò lóko? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kó ti baba ńlá wọn wá, wọ́n wá ń fi mí ṣẹ̀sín pé, "Ará oko, tìrẹ dà?" Ó dùn mí wọnú eegun.

Ìyá olóbì kan wà ní ojúlé kejì sí wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀, obì gbànja ló ń dì sínú apẹ̀rẹ̀, tí ó ń fi ewé bò ó kó má baà gbẹ, tí ó sì ń bá ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé Òkè Ọya. Kò sí obìnrin mìíràn ládùúgbò wa tó dábàá irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló ní láyé, níbi tó ti dúró ti apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀, tó rẹwà bí egbin. Nígbà tí mo tọrọ rẹ̀, ó tú u kúrò nínú aṣọ tó fi wé e, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó wá gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ o, ọmọ mi."

Kò bọ́. Ohun tí mo ṣe burú ju kó bọ́ lọ. Orúkọ ìyá bàbá mi ni mo kọ sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìtajà náà, àwọn ẹgbẹ́ mi ń nàka sí i, wọ́n ń sọ pé, "Háà, ìyá yín àgbà rèé!" Orí mi wú. Àṣé ẹ̀sín ńlá ni mo ń kó jọ. Ìyá olóbì ò mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá dúró síwájú fọ́tò náà, tí ó ń dá èrò dúró: "Ẹ wò ó o, èmi rèé nígbà tí mo wà lọ́mọge!" Àwọn tó mọ̀wé á wo páálí, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá ti ń ṣarán.

Lọ́jọ́ kan ó rí mi níbẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́. "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń rín? Bá mi ka ohun tó wà níbẹ̀." Mo wo ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ, mo sì pe orúkọ tirẹ̀ fún un. Inú rẹ̀ dùn. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní, "Ìyá, ọmọ yìí ń parọ́ fún yín o. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀."

Ìyá olóbì yíjú sí i. "Ọmọ yìí ló kọ ọ́. Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á?" Ó fọwọ́ pa mí lórí. Ẹni tó bá lójútì á jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi rọra yọ́ lọ sílé.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n fẹ́ kun ògiri náà, wọ́n sì ní kí wọ́n dá fọ́tò kọ̀ọ̀kan padà fún ilé tí orúkọ wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Èmi ni tíṣà gbé fọ́tò ìyá olóbì fún. Páálí náà ti lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, bí mo bá fà á, fọ́tò á ya. Àwọn ọmọ ìyá tó ń gbé ẹ̀yìn odi sì mọ̀wé, wọ́n á kà á bí wọ́n bá wá kí i. Mo bá fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ inú àpótí mi. Ìyá béèrè títí, wọ́n sọ fún un ní ilé ìtajà pé àwọn ti dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó bi èmi náà, mo ní mi ò mọ̀. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ kiri, wọn ò rí.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, kí ẹ tó jẹun, ẹ ti ya oúnjẹ ní fọ́tò mẹ́wàá. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ orúkọ ẹlòmíràn sábẹ́ tiyín, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó ti pariwo. Ìyá olóbì, ẹyọ kan ló ní, kò sì lè ka ohun tí mo kọ sí i. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣì wà láàyè ní Ẹ̀pẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ èyí fún yín, àgbàlagbà bíi tèmi: mo ti mú fọ́tò náà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà méjèèjì ni mo sì gbé e padà wálé.