Kànga Wa Lára Ògiri Wọn

Ní ilé wa ní Satellite Town, omi kànga la ń mu. Nígbà tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi bẹntiróòlù, àwọn kan wá láti yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣáájú wọn ní àwọn ń ṣiṣẹ́ kí ayé má bàa bàjẹ́ mọ́ àwọn ọmọ wa lórí. Wọ́n pọn omi sínú ìgò, wọ́n ya àwòrán ìyàwó mi létí kànga.

Àlejò kì í wọlé ká má fún un lómi. Ìyàwó mi gbé ife kalẹ̀.

“A ti mu, mà,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Ó ní àwọn á mú èsì wá.

Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, wọ́n ń fi eyín já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Mi ò rò ó sí nǹkan kan. Mo ti rò ó tó báyìí.

A retí wọn títí. À ń mumi, inú ń run àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ tí mo mú ọmọ mi obìnrin tó fẹ́ kàwé lọ sí yunifásítì yẹn, ìyàwó mi ni mo rí lára ògiri, tòun ti korobá. Ọmọ mi ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún mi: epo ti wọnú omi náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mu ún. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti kà á fáwọn òyìnbó lókè òkun, àwọn yẹn sì pàtẹ́wọ́.

Mo wọlé tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, mo béèrè èsì tó ní àwọn á mú wá.

“Bàbá, gbogbo ayé ló ti gbọ́.”

“Ṣé àwa ò sí nínú ayé ni?”

Ó gbé ìgò omi tútù síwájú mi. Ọ̀fun mi gbẹ, àmọ́ mo tì í padà.

“A ti mu, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti lọ la ti ń mu ún.”